Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà: ọ̀nà mẹ́rin láti kọ́ wọn, àti èyí tí mo máa yàn

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Ọjà-Ọba mú ọmọ wọn àti ìwé fótókọ́pì kan wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Táńkẹ̀, nílùú Ìlọrin. Ìwé náà tó ojú ewé 11. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Odidi ojú ewé méjì jẹ́ ti con nìkan: conceal, concede, conceive, concern, concise, conclude, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ojú fi ń ro èèyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà fi há a sórí. Ìyá ní kí n bi í wò.

Mo bi í ní concede. Ó ní, “Láti fi nǹkan pamọ́, sà.” Mo bi í ní conceal. Ó wo àjà díẹ̀, ó ní, “Láti gbà pé ẹlòmíì ló jàre.” Ìtumọ̀ méjèèjì wà lórí rẹ̀ pérépéré. Èyí tó ni èwo ni kò mọ̀ mọ́.

“Tíṣà, ṣé kí n ra òmíì ni, àbí kó máa ka èyí nìṣó?”

Mi ò lè dá ìyá lóhùn ní gbólóhùn kan. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti rí tí àwọn èèyàn ń gbà kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra, mo sì ti fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọmọ rí. Wọn ò dọ́gba rárá, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Mo máa gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, kí kálukú mú èyí tó bá ọmọ rẹ̀ mu.

Ìwé tó tò wọ́n bíi díṣọ́nárì

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló rọrùn jù lọ láti rà. Owó fótókọ́pì nìkan ló ń ná èèyàn. Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ pàápàá lè di ìwé mú, kó máa wò bóyá ọmọ ń kà á bó ṣe wà níbẹ̀. Ó wúlò fún sípẹ́lì, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ yá tó bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú díṣọ́nárì. Ibẹ̀ ni oore rẹ̀ parí sí.

Etí wa ló fa ìṣòro rẹ̀. William Marslen-Wilson, onímọ̀ nípa èdè àti ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣàlàyé láti àwọn ọdún 1970 pé etí kì í dúró de ìparí ọ̀rọ̀. Bí ìró àkọ́kọ́ bá ti wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìró yẹn ló máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìró tó kù bá ṣe ń wọlé ni wọ́n á máa jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹyọ kan lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí, kó lọ dúró sí Gàńbàrí lọ́jọ́ Jímọ̀ kó pariwo “Àlàájì!” Gbogbo ọrùn ló máa yí. Ìgbà tó bá dárúkọ tó kù ni àwọn yòókù á tó máa bá tiwọn lọ. Lórí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú, kí ó tó ṣẹ́jú ni wọ́n ti jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ fún ní 40 Àlàájì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ta ló máa jókòó fún un?

Batia Laufer, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Haifa ní Ísírẹ́lì, fún irú àwọn ọ̀rọ̀ afarajọra bẹ́ẹ̀ lórúkọ ní àwọn ọdún 1980: ó pè wọ́n ní synforms. Ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n ń fà kò mọ ní Ìlọrin, ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń kọ́ èdè àjèjì ló wà. Ọmọ ìyá aláṣọ òfì kì í ṣe olódo. Bí wọ́n ṣe to ìwé rẹ̀ ló dà á láàmú.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀

Oríṣi ìbẹ̀rẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ní nǹkan tó ń sọ, èkejì kàn jókòó síbẹ̀ ni. Con tó wà níwájú concede kò sọ nǹkankan fún ọmọ SS2. Ṣùgbọ́n un- tó wà níwájú unfair ń sọ̀rọ̀: ó ní “kò rí bẹ́ẹ̀”. Irú èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni àwọn onígírámà ń pè ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń sọ Yorùbá ti ń lò ó láti kékeré láìmọ̀.

Ẹ wo orúkọ ìlú wa, Ìlọrin. Bí àwọn àgbà ṣe ń pìtàn rẹ̀, ìlọ irin ni, ibi tí wọ́n ti ń lọ irin lórí òkúta. Lọ ni ọ̀rọ̀ ìṣe, ì- tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di orúkọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa ní ì- yẹn. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní àfòmọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò kí í bẹ̀rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa ni mo máa kọ́kọ́ kọ sára pátákó, mo wá gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

| Tiwa | Tiwọn |
|---|---|
| àì-: àìdọ́gba, àìgbọràn | in-, dis-, un-: inequality, disobedience, unhappiness |
| àtún-: àtúnkọ, àtúnkà | re-: rewrite, reread |
| àṣì-: àṣìlò, àṣìgbọ́ | mis-: misuse, mishear |
| àjọ-: àjọgbé, àjọni | co-: coexist, co-own |

Tí ọmọ bá rí àṣìlò àti misuse lórí ìlà kan náà, ẹ̀rín ló máa ń pa á. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti ń tàn án jẹ láti ọjọ́ yìí wá pé Gẹ̀ẹ́sì le.

Àfòmọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ní 1989, olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, White, Sowell àti Yanagihara, ṣírò àwọn ọ̀rọ̀ tó ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìwé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kà níbẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́rin péré, ìyẹn un-, re-, in- pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, àti dis-, ló kó 58 nínú 100. Tí wọ́n bá ka ogún, ó di 97 nínú 100. Ẹni tó bá mọ mẹ́rin yẹn dáadáa ti ré kọjá ìdajì ọ̀nà. Mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi fún ọmọ ní ojú ewé 11 nígbà tí mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀.

Mo ní in- pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń sọ fún ọmọ pé kó sáà há a sórí: incorrect, ṣùgbọ́n impossible, ṣùgbọ́n illegal, ṣùgbọ́n irregular. Kí ló dé tó ń pa ojú dà? Ẹ bi ara yín ní ohun tó dé tí oní- tiwa náà fi ń pa ojú dà. Oní àti ilé, onílé. Oní àti owó, olówó. Oní àti aṣọ, aláṣọ. Oní àti ẹja, ẹlẹ́ja. Oní àti ọjà, ọlọ́jà. Oní- kan náà ni, ohun tó bá bá pàdé ló ń fà á mọ́ra. In- náà nìyẹn: tó bá pàdé p, b tàbí m, á di im-, bíi impossible, imbalance, immature. Tó bá pàdé l, á di il-. Tó bá pàdé r, á di ir-. Ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ ní aláṣọ ní ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ fi irregular sọkún.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń dani rú náà wà o. Kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ tó jọ àfòmọ́ ló jẹ́ àfòmọ́. Akọ̀wé ń kọ ìwé, apẹja ń pa ẹja, ṣùgbọ́n adìẹ kò “dìẹ” nǹkankan. Olówó ló ní owó, ológbò kò sì ní “ogbò” kankan. Bákan náà ni uncle kì í ṣe un- àti cle. Mission kò ní mis- tó túmọ̀ sí àṣìṣe. Uniform ń pe ara rẹ̀ ní yú, nítorí uni- ni, tó túmọ̀ sí “ọ̀kan”. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ìka bo ìbẹ̀rẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó ṣẹ́kù. Tí ìyókù kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n fura.

Àyẹ̀wò ìka yìí náà kì í fìgbà gbogbo gbani. Fi ìka bo re- nínú relate, wàá rí late. Bo ó nínú repair, wàá rí pair. Bo ó nínú refuse, fuse ló kù. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ pé relate ni kéèyàn tún pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kejì. Mo fún un ní máàkì ìdajì nítorí làákàyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni invaluable, tí kì í ṣe “aláìníyelórí” bí kò ṣe ohun tí iye rẹ̀ kọjá ìdíwọ̀n, àti inflammable, tó túmọ̀ sí ohun kan náà pẹ̀lú flammable: ó ń tètè gbiná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta bẹntiróòlù nínú jálá, ọ̀rọ̀ yín nìyí.

Ìyàn láàárín un- àti in- ló máa ń fa àríyànjiyàn jù ní kíláàsì mi. Òfin kan wà tó ń ràn wá lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kárí: un- jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àtijọ́, in- sì wọlé láti Látìn, nítorí náà in- fẹ́ràn láti máa bá àwọn ọ̀rọ̀ Látìn rìn. Síbẹ̀, ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà lè mú méjèèjì: a ní unable ṣùgbọ́n inability, unequal ṣùgbọ́n inequality, unjust ṣùgbọ́n injustice, unstable ṣùgbọ́n instability. Ẹ kọ́ mẹ́rin yìí ní méjì-méjì, wọ́n ń jáde nínú ìdánwò ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbòǹgbò

Àwọn ọmọ ilé kéwú ló máa ń tètè gba ọ̀nà kẹta yìí. Ọmọ tó ti jókòó ti wàlá lọ́dọ̀ áfáà ní Òkè-Ìmàlè tàbí ní Ọ̀fà ti mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta, k-t-b, ló ń bí kitāb tó jẹ́ ìwé, kātib tó jẹ́ akọ̀wé, àti maktab tó jẹ́ ibi ìkọ̀wé. Gbòǹgbò kan, ọmọ púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀, Látìn àti Gíríìkì ni wọ́n ti kó o. Port túmọ̀ sí “gbé”: import ni gbé wọlé, export ni gbé jáde, transport ni gbé kọjá, portable ni ohun tó ṣeé gbé. Scribe túmọ̀ sí “kọ”: describe, inscribe, subscribe.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó yí ìṣòro wa padà. Dípò kí orí dúró kí ìrù máa yí, ìrù ló dúró, orí ló ń yí. Mo máa ń fi used ṣe é: unused ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, disused ni èyí tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn tí wọ́n ti ń lò ó, misused ni èyí tí wọ́n lò bí kò ṣe yẹ, reused ni èyí tí wọ́n tún lò. Ọmọ tó bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ máa rí iṣẹ́ àfòmọ́ kọ̀ọ̀kan kedere, nítorí nǹkan kan ṣoṣo ló ń yí. Ó sàn ju 40 ọ̀rọ̀ un- lọ.

Ó ń gba àsìkò, ó sì nílò olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá ìtumọ̀ òde òní mu: kí ni report ń gbé? Èmi ò ní dábàá rẹ̀ fún ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ ìṣègùn ni kò lè sá fún un, nítorí èdè iṣẹ́ wọn ni. Kí àwọn yẹn kọ́kọ́ ya hyper- àti hypo- sọ́tọ̀: hypertension ni ẹ̀jẹ̀ ríru, hypotension ni kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ jù. Lẹ́tà méjì péré ló wà láàárín wọn, ìtọ́jú wọn sì kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Méjì-méjì nínú gbólóhùn

Adapt àti adopt. Affect àti effect. Precede àti proceed. Persecute àti prosecute. Emigrate àti immigrate. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò mọ̀ wá dáadáa. Nínú ìbéèrè 180 tó wà nínú UTME ti JAMB, 60 jẹ́ ti Use of English, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè yẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá béèrè ìtumọ̀ tàbí òdì ọ̀rọ̀, ẹ wo ìdáhùn tí wọ́n tò sísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń jẹ́ ìbejì èyí tó tọ̀nà.

Àṣìṣe tí à ń ṣe ni pé a máa ń kọ́ ìbejì méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ó jọ ọgbọ́n, àmọ́ kì í ṣe é. Ìyá aláṣọ òfì wa kò ní ká òwú aró líle àti aró fífẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìgbá kan náà ní àárọ̀ tí iná kò sí. Ẹ kọ́ ẹyọ kan, kó jókòó, kó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ ti fi sọ̀rọ̀ kó ti fi kọ̀wé, kí ẹ tó mú èkejì rẹ̀ wá. Àti pé gbólóhùn ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe ìtumọ̀ lásán. Adopt: ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Òmù-Àrán gba ọmọ tọ́, my aunt adopted a child. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tó bá yá, adapt: ẹni tó kúrò ní Èkó wá sí Ìlọrin kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi mọlé, he adapted quickly.

Èyí tí mo kórìíra jù ni prescribe àti proscribe. Dókítà ló ń prescribe oògùn, pé kí o lò ó. Ìjọba ló ń proscribe ẹgbẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é. Ọ̀kan ní “ṣe é”, ọ̀kan ní “o ò gbọdọ̀”, e àti o nìkan ló yà wọ́n.

Etí

Irú ìwé fótókọ́pì yẹn kì í sọ èyí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ míì wà tó máa ń dàpọ̀ mọ́ àwa Yorùbá lẹ́nu. Kò sí v ní èdè wa, nítorí náà van àti fan di ọ̀kan, vast àti fast di ọ̀kan. Kò sí ìró ch, torí náà cheap ń di sheep, chop ń di shop. H tiwa wà, síbẹ̀ a máa ń mú un kúrò níbi tó yẹ ká lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kò yẹ: a jẹ heat, a gun ill. Ọmọ tó bá ń fi ojú nìkan kọ́ ọ̀rọ̀ máa gba gbogbo máàkì lórí ìwé, á wá ṣubú ní abala òórà WAEC. Ẹ jẹ́ kó máa ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ bá yàn.

Ohun èlò kò le. Ìwé kékeré tó wọ àpò dára, àmọ́ bí wọ́n ṣe tò ó ni ọmọ á máa rántí rẹ̀. Káàdì tí ẹ gé láti ara páálí ṣeé dà rú, òun ni mo fẹ́ràn jù. Sebastian Leitner ní Jámánì gbé ọ̀nà kan jáde ní àwọn ọdún 1970: ẹ pín àpótí sí àlàfo márùn-ún, káàdì tí ọmọ bá gbà bọ́ sí iwájú, èyí tó bá kùnà padà sí àlàfo àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò jù. Lórí fóònù, áàpù kan tó ń jẹ́ Anki ń ṣe ohun tó jọ ọ́, kò gbowó lórí Android, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dáta. Fóònù kan náà ló ní TikTok o, ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ JSS1 sí JSS3: àfòmọ́, láti ara Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rin nínú táàmù kan. Ẹ fi ìbejì sílẹ̀ fún un ná. Ọmọ SS2 tó ṣì ní ọdún kan: àfòmọ́ àti gbòǹgbò pọ̀, kó máa fi used, place àti cover ṣeré: discover, uncover. Ẹni tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wọ gbọ̀ngàn JAMB: kó pa gbòǹgbò tì, kó mú in- àti àwọn àbúrò rẹ̀, un- àti dis-, lẹ́yìn náà kó mú ìbejì tó ti mọ ọ̀kan nínú wọn tẹ́lẹ̀, kó kọ́ èkejì nìkan. Àgbàlagbà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́: gbólóhùn ni, gbólóhùn ni, àwọn tó ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tó tò wọ́n bíi díṣọ́nárì, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni bí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, ìyá aláṣọ òfì wo ìwé ọwọ́ wọn. “Ojú ewé 11 yìí ńkọ́? Owó ni mo fi tẹ̀ ẹ́ o.” Mo gba ìwé náà, mo fa ìlà sábẹ́ 14 nínú àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀, mo ní kí ọmọ gé àwọn yẹn sí káàdì, concede lónìí, kí conceal dúró di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni kí wọ́n fi ìyókù ṣe. Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní kó máa fi ṣe ìṣirò.